Kí Dáàmù Má Baà Di Ìdààmú

Kò sí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Èkìtì tí a ní láti wàásù fún pé omi ni ìyè. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ẹni tí kò ní omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko rẹ̀ kò lè gbin tètè tàbí ewédú tí yóò rí kó lọ sọ́jà. Tòmátì àti ata a di ọ̀wọ́n gógó. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn nínú wa fi ń sé odò kékeré tó gba inú oko wọn kọjá. Ẹnìkan ń ṣe é nítorí ẹ̀fọ́, ẹlòmíràn nítorí ẹja, ẹlòmíràn nítorí ọgbà ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Iṣẹ́ rere ni, a kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Ní agbègbè Àgbàdo-Èkìtì, dáàmù kì í ṣe ohun àjèjì. Egbe-Èkìtì, tí òun àti Àgbàdo jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbonyin, ní dáàmù tí ìjọba kọ́. Adó ní Ureje, Ìkún-Èkìtì ní Ero, Itapaji náà ní tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí tóbi, ìjọba ló ni wọ́n, a sì mọ ilé iṣẹ́ tí a lè lọ bá bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn kékeré ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé lórí: ògiri yẹ̀pẹ̀ tí katakata fi ọjọ́ mẹ́ta tì jọ, tí ẹni tó ṣe é ti lè kú tàbí kí ó ti kó lọ sí Èkó, tí àwọn ọmọ sì ti kọ́lé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láìmọ ohun tó wà lókè.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí olùkàwé wa kọ̀ọ̀kan gbé lọ sílé: dáàmù tó wà lókè ilé yín tàbí lókè oko yín, ta ni ń ṣọ́ ọ?

OHUN TÍ DÁÀMÙ ONÍYẸ̀PẸ̀ JẸ́

Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ni òkìtì yẹ̀pẹ̀ gígùn tí a gbé dábùú odò láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, kí omi lè kórajọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé yẹ̀pẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn dáàmù ayé, yẹ̀pẹ̀ ni a fi ṣe wọ́n, àwọn mìíràn sì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọn kò mì. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí a mọ̀ wọ́n dáradára, kí a sì máa tọ́jú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ògiri yìí ń gbé. Omi tó kún àpótí kan tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì jìn ní mítà 1, tọ́ọ̀nù 1 ni ó wúwo. Àpò sìmẹ́ǹtì 20 nìyẹn. Bí adágún kan bá gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní mítà 40, tó sì jìn ní mítà 2, omi inú rẹ̀ jẹ́ 4,000 tọ́ọ̀nù. Omi tó wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì 80,000 ni ògiri yẹ̀pẹ̀ náà ń sé mọ́ lọ́sàn-án àti lóru. Adágún kékeré ni a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ yìí o!

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MAIDUGURI

Dáàmù Alau wà lórí odò Ngadda, ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí ìlú Maiduguri ní ìpínlẹ̀ Borno. Láàrin 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ ọ, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí omi bu sóko, kí ará ìlú sì lè rí omi mu. Ó tóbi ju èyí tí àgbẹ̀ kan lè ṣe lọ, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ ni ògiri òun náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1994, ó ya, omi sì ya wọ ìlú. Ìkìlọ̀ ńlá nìyẹn.

Ọgbọ̀n ọdún gééré lẹ́yìn náà, òjò ọdún 2024 pọ̀, omi sì kún dé ẹnu. Ẹ̀rù ń ba ará ìlú. Àwọn aláṣẹ ní kí ọkàn wọn balẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní òru tó mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, dáàmù náà ya. Omi wọ ilé, ọjà, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì àti ilé ìjọsìn. Ó wó ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 200 sì sá lọ. Ó pa ọ̀pọ̀ ẹranko nínú ọgbà ẹranko ìlú náà, ọ̀nì àti ejò sì bá omi wọ àdúgbò. Àwọn tí ìjọba kà pé wọ́n kú lé ní 30, àwọn tí omi náà bá sì lé ní 400,000. Nígbà tó di ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀.

Kí ni a rí kọ́? Ohun tó ya ní 1994 kò yẹ kó jẹ́ àjèjì ní 2024. Òjò ló gbé omi wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ni a ó dá lẹ́bi.

KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ BÍBÉLÌ TÍ OMI BÁ LÓRU

Bí ẹnìkan bá ń rò pé àwọn dáàmù ńlá ti ìjọba nìkan ló ń pa ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn dáàmù kékeré kan tó kan àwa onígbàgbọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ìlú Toccoa, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì kan wà tí wọ́n ń pè ní Toccoa Falls. Lókè ilé ẹ̀kọ́ náà, dáàmù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kelly Barnes. Ní ọdún 1937, ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ló kó yẹ̀pẹ̀ lé orí dáàmù àtijọ́ tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lè rí iná mànàmáná lò. Nígbà tó yá wọ́n tún gbé e ga sí i, títí ó fi ga tó nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà. Ní 1957 wọn kò lo ẹ̀rọ iná náà mọ́. Láti ìgbà náà, adágún omi náà di ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìpẹja.

Ẹ̀yìn ògiri náà dúró ṣánṣán jù. Igi hù sí i lára. Ní 1973, apá kan lára ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ̀ ṣubú. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà náà fi í hàn. Dáàmù náà ṣì wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, ògiri náà já ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ òru, nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 6 oṣù náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Omi ya sórí àwọn ilé tí ìdílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ń sùn sí. Ènìyàn 39 ni ó kú. Ogún nínú wọn jẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀yin ará, àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ àdúrà gbà. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń kọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ sọ sí wọn lọ́rùn. Àmì ti hàn lára ògiri náà fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i kí ó sì ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Ààrẹ Carter pàṣẹ pé kí wọ́n lọ yẹ àwọn dáàmù tó léwu wò káàkiri Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Georgia sì ṣe òfin lórí ààbò dáàmù ní 1978.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Solai, ní agbègbè Nakuru lórílẹ̀-èdè Kenya. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tí oko ńlá kan fi ń kó omi jọ ya ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó gbá ilé àwọn tálákà tó wà nísàlẹ̀ lọ, àwọn tó kú sì lé ní 40. Ẹni tó ni omi wà lókè; àwọn tó san gbèsè rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, nígbà tí ojú kò ríran jìnnà.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ OMI Ń GBÀ

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ yìí fi hàn wá pé ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ fi ń ya.

Èkíní ni pé omi gba orí rẹ̀ kọjá. Yẹ̀pẹ̀ kò lè fara da omi tó ń ṣàn lórí rẹ̀. Yóò máa bó o díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là. Nítorí èyí ni gbogbo dáàmù fi gbọ́dọ̀ ní ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, kí omi òjò ńlá lè gba ibẹ̀ jáde. Bí ọ̀nà yìí bá dí, tàbí tó bá kéré, ewu dé. Ẹ̀yin olùsìn ẹja, ọ̀rọ̀ yín rèé: ní Pennsylvania, lókè ìlú Johnstown, àwọn tó ni dáàmù kan fi àwọ̀n irin dí ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù kí ẹja wọn má baà bọ́ lọ. Ẹ̀ka igi àti pàǹtí kó sí àwọ̀n náà. Wọ́n sì ti yọ páìpù tí wọ́n fi ń tú omi sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, omi gba orí ògiri, dáàmù ya, ènìyàn 2,209 sì kú. Ẹja mélòó ni ó tó iye ẹ̀mí wọ̀nyẹn?

Èkejì ni pé omi gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Omi náà kò yàtọ̀. Ihò òkété, ihò akàn, òkìtì ọ̀gán, gbòǹgbò igi tó ti jẹrà, ẹ̀gbẹ́ páìpù tí a kò kì dáradára, gbogbo wọn ni ẹnu tí ògiri là. Omi á wọlé bí òwú, á máa kó yẹ̀pẹ̀ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ihò náà á máa fẹ̀, títí ọjọ́ kan tí inú ògiri yóò fi ṣófo. Lójú ẹni tó dúró lókè, ohun gbogbo ṣì dára.

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó MÁA WÒ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ní dáàmù, tàbí tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀kan, kí ó máa rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà òjò, àti lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan. Kí ó máa wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ibi tó tutù ní ẹ̀yìn ògiri, ìyẹn apá tí omi kò sí. Bí koríko ibì kan bá tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ti ìyókù ti gbẹ, omi wà lábẹ́ rẹ̀.

2. Omi tó ń sun jáde ní ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ bù ú sínú ìgò funfun kí ẹ wò ó. Bí ó bá mọ́ tí kò sì pọ̀ sí i, ẹ máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún onímọ̀. Bí ó bá dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, ògiri yín ni ẹ ń wò nínú ìgò yẹn. Ewu ti dé.

3. Orí ògiri tó sanra níbì kan tó rẹlẹ̀ níbòmíràn, tó là ní òòró, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀.

4. Omi adágún tó ń yí po lójú kan bí ìgbà tí a ń tú omi jáde nínú agbada. Ihò wà nísàlẹ̀.

5. Igi tó ń hù lórí ògiri. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ fà á tu nígbà tó ṣì tinrin. Bí ó bá ti di igi ńlá, ẹ má ṣe hú gbòǹgbò rẹ̀ fúnra yín, ẹ pe onímọ̀. Koríko kúkúrú ni ẹ̀wù tó yẹ ògiri dáàmù.

6. Ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù tó dí, tàbí tí ẹnìkan ti fi àpò yanrìn dí kí omi lè pọ̀ sí i fún ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣí i kí òjò tó dé.

BÍ ÀMÌ EWU BÁ FARAHÀN

Ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà là. Ẹ kó àwọn ọmọdé, àgbàlagbà àti aláìsàn tó wà nísàlẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ gíga, kí ẹ tó ronú kan ẹja tàbí oko. Ẹ má dúró sórí ògiri náà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan wá wòran. Bí páìpù ìtúmi bá wà, tí ẹ sì lè dé ibẹ̀ láìfi ẹ̀mí wéwu, ẹ ṣí i kí omi lè máa fà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ṣe, tí kò dára: wọ́n á po sìmẹ́ǹtì tàbí amọ̀, wọ́n á fi dí ojú ibi tí omi ti ń sun ní ẹ̀yìn ògiri. Omi tí ẹ dí lójú kan yóò wá ojú mìíràn jáde, bóyá pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kó yanrìn sí ibẹ̀, wọ́n á sì kó òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Omi á máa jáde, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ kò ní lè bá a lọ. Asẹ́ ni, bí a ti ń sẹ́ ògì náà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ sí baálẹ̀ tàbí Kábíyèsí, sí ìjọba ìbílẹ̀, àti sí ilé iṣẹ́ omi ti ìpínlẹ̀. Benin-Owena River Basin Development Authority ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ọ̀rọ̀ omi àti dáàmù ilẹ̀ Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà àwọn tí ẹ ó pè wà lára ògiri ilé kí ọjọ́ náà tó dé.

FÚN ẸNI TÓ FẸ́ ṢE TUNTUN

Arákùnrin tó fẹ́ sé odò rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi gbogbo owó yín háyà katakata tán kí ẹ tó pe ẹnjiníà. Kí ẹ kó ilẹ̀dú àti gbòǹgbò kúrò ní gbogbo ibi tí ògiri yóò jókòó lé. Kí ẹ gbẹ́ kòtò ní àárín títí dé ilẹ̀ líle, kí ẹ sì fi amọ̀ kún un, kí omi má baà gba abẹ́ kọjá. Kí ẹ da yẹ̀pẹ̀ ní ìpele ìpele tí kò ju nǹkan bí ínǹṣì 6 sí 8 lọ, kí ó lọ́rinrin níwọ̀nba, kí ẹ sì kì í kí ẹ tó da òmíràn. Yẹ̀pẹ̀ tí a kàn tì jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkìtì ààtàn ni, kì í ṣe dáàmù.

Kí ògiri náà rọra dà wálẹ̀, kó má dúró ṣánṣán. Ẹsẹ̀ bàtà 3 sọ́wọ́ iwájú fún ẹsẹ̀ bàtà 1 sókè ni wọ́n sábà máa ń lò ní apá omi. Kí orí rẹ̀ fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju ibi tí omi yóò kún dé lọ́jọ́ òjò ńlá. Kí a sì gbẹ́ ojú ọ̀nà omi àpọ̀jù sínú ilẹ̀ àdáyébá ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe sórí yẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Bí owó kò bá tó gbogbo èyí, kànga àti ẹ̀rọ tó ń fa omi lè tó oko yín.

ÀDÚRÀ ÀTI OJÚ TÓ Ń ṢỌ́NÀ

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Pásítọ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a rí ibi.” Àmín ni àwa náà ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nehemáyà ń mọ odi Jerúsálẹ́mù, ó gbàdúrà, ó sì yan àwọn tó ń ṣọ́nà lọ́sàn-án àti lóru. Òfin Mósè náà ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ṣubú má baà wà lórí ilé rẹ̀. Bí òrùlé bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ti omi tí a kó jọ sókè orí aládùúgbò?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan tó wà nítòsí irú dáàmù bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan mẹ́ta kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé. Kí ẹ yan ènìyàn méjì tí yóò máa yẹ ògiri náà wò, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Kí ẹ bá ẹni tó ni dáàmù náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Bí ó bá ti kú, kí ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀ kàn. Kí ẹ sì bá gbogbo ará ìsàlẹ̀, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, fi ẹnu kò lórí ìró kan, bóyá agogo ìjọ tí a lù láìdáwọ́ dúró, tí gbogbo ènìyàn yóò mọ̀ lóru pé kí wọ́n gbé ọmọ wọn kí wọ́n sì sá lọ sókè.

Kò gba owó púpọ̀. Ó gba ẹsẹ̀ tó ń rìn, ojú tó ń ríran, àti ẹnu tí kì í dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè lọ́sẹ̀ yìí: dáàmù tó wà lókè wa, ta ni ń ṣọ́ ọ? Bí ẹ kò bá rí ẹni dáhùn, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Olúwa yóò fi omi bù kún oko yín, yóò sì pa àwọn ilé yín mọ́. Àmín.